Kí ló ń pa tókìn, báwo sì ni kọ̀ǹpútà ṣe ń gba tuntun?

Títí di 13 oṣù kẹjọ ọdún 2021, ẹni tó bá fẹ́ fi Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù, gbé kóòdù lọ sórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, lè tẹ páswọ́ọ̀dù àkáǹtì ẹ̀ kó sì wọlé. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn pa, látìgbà náà, àfi SSH, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà, àbí tókìn, ọ̀rọ̀ àṣírí gígùn tí wọ́n ń lò dípò páswọ́ọ̀dù. Tókìn sì lè ní ọjọ́ ikú, òun ló fà á tí nǹkan tó ṣiṣẹ́ lánàá fi máa ń dédé kọ̀ láàárọ̀ yìí, kóòdù ò yí padà, dátà ò tán, síbẹ̀ "Authentication failed" ni èèyàn ń rí.

Git ò tọ́jú tókìn fúnra ẹ̀ o. Ó láwọn tó ń bá a tọ́jú ẹ̀, credential helper ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ mẹ́ta sì ni Git ń bá wọn sọ: get ni "gbé e wá", store ni "ó ṣiṣẹ́, tọ́jú ẹ̀", erase ni "wọn ò gbà á, dà á nù". Tí sáfà bá fi 401 fèsì, ìyẹn "mi ò gbà ọ́ wọlé", Git á ní kí wọ́n da èyí tó wà nílẹ̀ nù. Àwọn helper yìí ò rí bákan náà. Ọ̀kan wà tóun náà ń jẹ́ store, inú fáìlì .git-credentials ló ń kọ tókìn sí ní gbangba, ẹni tó bá ṣí fáìlì yẹn ti rí i nìyẹn, kò dáa rárá lórí kọ̀ǹpútà tí èèyàn méjì mẹ́ta jọ ń lò. Cache ní tiẹ̀, inú mẹ́mọ́rì ló ń fi í sí, tó bá ti pé 900 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn mínítì 15, á gbàgbé ẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá sọ iye míì fún un.

Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Kí helper gbàgbé tókìn yàtọ̀ sí kí tókìn kú. Mínítì 15 ti cache yẹn, ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà nìkan ni, tókìn ṣì wà láàyè lọ́dọ̀ GitHub. Ìdàkejì ẹ̀ ló burú: tókìn ti kú lọ́hùn-ún, helper ò mọ̀, ó ṣì ń gbé òkú wá fún Git. Ọdún 2023 ni wọ́n fi password_expiry_utc kún Git, nọ́ńbà kan ni, iye ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 títí di ìgbà tí tókìn máa kú, wọ́n á kọ ọ́ mọ́ tókìn kí Git lè wò ó kó tó gbé e jáde, tó bá ti kú, á fò ó, á bi helper tó kàn. Ọdún yẹn náà ni oauth_refresh_token dé, àyè tí wọ́n ń kọ tókìn kejì tí wọ́n fi ń gba tuntun sí, òun ló jẹ́ kí rìníù ṣeé ṣe láìyọ èèyàn lẹ́nu.

Ẹ wò ó bíi káàdì ọsíbítù àti nọ́ńbà tí wọ́n ń pín láàárọ̀. Nọ́ńbà lèèyàn fi ń wọlé rí dókítà, ọjọ́ yẹn nìkan ló wúlò. Káàdì ń bẹ nílé, òun lèèyàn fi ń gba nọ́ńbà míì láìjẹ́ pé wọ́n tún ń kọ orúkọ àti ọjọ́ orí láti ìbẹ̀rẹ̀. Access token ni nọ́ńbà, refresh token ni káàdì. Nọ́ńbà ti Google máa ń tó wákàtí kan, ti GitHub App, ìyẹn áàpù tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GitHub, wákàtí 8, káàdì tiẹ̀ sì jẹ́ oṣù 6.

Sáfà kì í sọ ọjọ́ ikú, expires_in ló ń sọ, bíi 3600 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ni pé "láti ìsinsìnyí lọ". Áàpù ló gbọ́dọ̀ fi kún aago tó gbà á kó tó kọ ọ́ sílẹ̀, 3600 lásán nínú fáìlì ò já mọ́ nǹkan kan lọ́la. Aago kọ̀ǹpútà sì lè sáré tàbí kó falẹ̀, torí ẹ̀ ló fi dáa kó lọ gba tuntun nígbà tó bá ku bíi mínítì 5, kó má dúró dìgbà tó bá kú tán.

Ibi tó ti le jù ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lo refresh token GitHub App. Tí wọ́n bá ti lò ó, káàdì tuntun dé, ti àtijọ́ ti kú. Tí wọ́n bá mú iná lọ kí áàpù tó kọ tuntun sílẹ̀, méjèèjì ti lọ nìyẹn, torí náà kó kọ ọ́ sínú fáìlì mìíràn ná, kó wá fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, kó tó ṣe nǹkan míì rárá. Tí wíńdò méjì bá sì ṣí, tí wọ́n jọ mú káàdì kan náà lọ, ìkejì ni wọ́n máa lé padà. Kí ọ̀kan di lọ́ọ̀kì mú, kí ìkejì dúró, tó bá wá kan òun, kó kọ́kọ́ tún fáìlì kà, torí ó ṣeé ṣe kí tuntun ti wà níbẹ̀.

Personal access token, ìyẹn tókìn tí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe lórí GitHub, ò ní káàdì kankan, èèyàn lá padà lọ ṣe òmíràn fúnra ẹ̀, èyí tí wọn ò bá sì lò fún ọdún kan, GitHub á yọ ọ́ kúrò.

Káàdì náà ń kú. Google á pa èyí tí wọn ò lò fún oṣù 6, ti áàpù tó ṣì wà ní Testing, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣì ń dán wò, sì lè kú lọ́jọ́ 7 péré. invalid_grant, ìyẹn "káàdì yìí ò ṣiṣẹ́ mọ́", ni sáfà Google máa fi fèsì. Tó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já, kí áàpù tọ́jú káàdì ẹ̀ kó tún gbìyànjú tó bá yá, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ invalid_grant, kó má tún kan ilẹ̀kùn yẹn mọ́, kó da káàdì nù kó ní kí onítọ̀hún wá lọ́gíìn.