Ìgbóná àti àìbáramu ẹ̀yà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì

Ìgbóná àti àìbáramu ẹ̀yà ni orísun méjì tí ọ̀pọ̀ àìsàn kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti ń wá. Ìgbóná ni kí ooru tó ń jáde lára àwọn ẹ̀yà pọ̀ ju èyí tí àpótí kọ̀ǹpútà lè tú síta lọ. Àìbáramu ni kí ẹ̀yà méjì tí wọ́n jọ wà nínú àpótí kan má lè bára wọn ṣiṣẹ́, yálà nítorí pé ihò ìjókòó wọn kò dọ́gba, pé iná tí wọ́n ń fẹ́ yàtọ̀, tàbí pé àwọn méjèèjì ń du ọ̀nà kan ṣoṣo. Ohun tó mú wọn ṣòro ni pé ojú kan náà ni wọ́n ń gbé wá: kọ̀ǹpútà á kú lójijì, á dì gbagidi, á máa kú á máa tàn fúnra rẹ̀, tàbí kí ojú rẹ̀ di búlúù. Ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, eruku ọyẹ́, iná tí kì í dúró sójú kan àti kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ló sábà máa ń fà á, nígbà mìíràn nínú àpótí kan náà.

Ibi tí ooru ti ń wá

Gbogbo iná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ ló ń di ooru. Kọ̀ǹpútà kì í gbé ẹrù, kì í fa omi láti inú kànga. Bí wáàtì 80 bá wọlé láti ara ògiri, wáàtì 80 náà ló máa jáde sínú yàrá bí ooru. Nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, CPU, ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò tó sì ń darí àwọn yòókù, ló sábà máa ń gbóná jù. Èyí tí wọ́n fi ń tẹ̀wé lásán ń jẹ wáàtì 35 sí 65, àwọn ńlá sì ń kọjá 125. Graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà) ńlá kan ṣoṣo lè jẹ ju wáàtì 300 lọ.

Wáàtì 65 lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tó ń fi áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 lọ aṣọ. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù ń pín ooru tirẹ̀ sórí irin tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Orí ègé silicon tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ ni ti CPU ń kó jọ sí. Bí a bá wo ìwọ̀n ibi tí ooru ń gbà jáde, CPU ló ń jìyà jù.

Kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà IBM PC tó jáde ní 1981 kò ní irin ìtúooru kankan lórí CPU rẹ̀. Ìhòòhò ló jókòó. Ìgbà 486, CPU tí ilé iṣẹ́ Intel gbé jáde ní 1989, ni irin bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, nígbà tí Pentium sì fi dé ní 1993, fáànù ti di ohun tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Eré àsáré ìyára CPU yìí dúró ní 2004. Pentium 4 tí wọ́n ń pè ní Prescott gbóná débi pé Intel pa ètò èyí tí ìyára rẹ̀ máa tó 4 GHz tì, wọ́n sì yíjú sí kíkó core (ọpọlọ ìṣirò) méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin, sínú CPU kan.

Ìwọ̀n tó yẹ

Omi gbígbóná Ìkọ́gọ̀sí máa ń tó bíi 70°C níbi tó ti ń sun, ó sì máa ń wálẹ̀ sí bíi 37°C lẹ́yìn tó bá pàdé omi tútù. CPU tó ń ṣiṣẹ́ gidi nínú kọ̀ǹpútà tó dá ṣáṣá máa ń wà láàárín 60 sí 80°C. Ooru Ìkọ́gọ̀sí, tí ènìyàn ò lè ki ọwọ́ bọ̀, kì í ṣe àìsàn fún un rárá. 100°C ni òpin tí Intel fi sí ọ̀pọ̀ CPU rẹ̀. 95°C ni AMD, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe CPU, fi sí Ryzen 7000 rẹ̀. Bí CPU bá ti dé òpin yìí, á dín ìyára ara rẹ̀ kù. Bí ìyẹn kò bá ràn án, á pa kọ̀ǹpútà pátá kó má baà jóná. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń sọ pé ó ti darúgbó, pé kò yára mọ́, kò darúgbó kankan: ooru ló ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

Fáànù kò lè mú kí CPU tutù ju yàrá tó wà nínú rẹ̀ lọ. Bí yàrá bá fi 10°C gbóná sí i, CPU náà á fi bíi 10°C gbóná sí i. Ìdí nìyí tí àìsàn ìgbóná fi ń pọ̀ ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí oòrùn Adó-Èkìtì bá ń mú bí iná.

CPU kọ́ ni ooru ń pa jù, nítorí òun mọ bí a ṣe ń gba ara ẹni là. Capacitor (ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná) orí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́, àti ti inú power pack, àpótí tó ń pín iná fún wọn, kò mọ̀ ọ́n. Òfin tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò fún irú èyí tó ní omi nínú ni pé bí ooru bá fi 10°C lọ sókè, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín kù sí ìdajì. Èyí tó bá ti ń kú, orí rẹ̀ á wú bí ìdérí agolo tó ti bàjẹ́. Hard disk náà kì í fẹ́ kọjá 60°C.

Bí ooru ṣe ń jáde

Ooru ń gba orí CPU bọ́ sínú heatsink, irin aluminiọ́mù tàbí bàbà tí wọ́n là sí wẹ́wẹ́, kí fáànù tó fẹ́ ẹ dànù. Irin méjì kì í lẹ̀ mọ́ra tán. Afẹ́fẹ́ máa ń wà láàárín wọn, bàbà sì ń gbé ooru ju afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ lọ ní ìlọ́po tó ju 10,000. Iṣẹ́ thermal paste ni láti dí àlàfo yẹn. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó. Àwọn kan ń rẹ́ ẹ bí ẹni rẹ́ ògiri, èyí tí kò ràn án lọ́wọ́, nítorí irin ló ń gbé ooru dáadáa, paste wulẹ̀ ń dí ihò ni. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn mìíràn ń fi rọ́pò rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Bí omi inú rẹ̀ bá gbẹ tán, ó parí.

Ohun kan tí wọn kì í yẹ̀ wò dáadáa ni ẹsẹ̀ oníke mẹ́rin tó di fáànù àtilẹ̀bá Intel mú sórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Bí ẹyọ kan bá tú nígbà tí kọ̀ǹpútà wà lẹ́yìn ọkọ̀ láti Èkó dé Ìkẹ́rẹ́, heatsink á dá sí ẹ̀gbẹ́ kan, CPU á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 100°C láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù ń yí lójú gbogbo ayé.

Nínú àpótí, afẹ́fẹ́ tútù ń gba iwájú wọlé, gbígbóná ń gba ẹ̀yìn jáde. Àpótí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ògiri ń mí ooru ara rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló máa ń ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí sílẹ̀, tí wọ́n á tún kọ fáànù ilẹ̀ sí i. Ó ń dín ooru kù lóòótọ́, pàápàá bí fáànù inú àpótí kò bá tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń pe eruku wọlé, ó sì ń pe aáyán àti ọmọńlé. Ọmọńlé fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Bí ó bá fi ara kan ibi iná nínú power pack, òun àti power pack ni wọ́n jọ ń lọ.

Eruku

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá dé oṣù kejì ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ eruku aṣálẹ̀ wá, eruku pupa ojú títì tí wọn kò da ọ̀dà sí á tún kún un. Bí heatsink bá ti di bí òwú, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà gbà mọ́. Àpótí tó wà nílẹ̀ ń gba eruku ju èyí tó wà lórí tábìlì lọ. Níbi tí ẹ̀rọ ìṣẹ̀dà-ìwé bá wà, lẹ́búlẹ́bú toner á pò mọ́ ọn, èyí tí blower nìkan kì í sábà gbọn kúrò.

Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ kò le. Wọ́n á pa kọ̀ǹpútà, wọ́n á yọ wáyà iná, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì ìtànná kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán, wọ́n á gbé e síta, wọ́n á fẹ́ ẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìka di abẹ fáànù mú kí afẹ́fẹ́ blower má baà yí i ní àyíjù, nítorí ó lè ba bẹ́árì rẹ̀ jẹ́. Nígbà ọyẹ́, ara ènìyàn máa ń kó iná tó ń ta pàá bí a bá fọwọ́ kan irin; irú iná bẹ́ẹ̀ lè pa RAM (ẹ̀yà tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n lára, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó ń túnṣe kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí.

Yàrá tó kún fún kọ̀ǹpútà

Láti 2015 tí JAMB ti fi ìdánwò UTME sórí kọ̀ǹpútà pátápátá, gbọ̀ngàn tí kọ̀ǹpútà tò sí bí ẹ̀gẹ́ inú oko kì í ṣe ohun àrà mọ́. Kọ̀ǹpútà 100 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 80 ń tú ooru kìlówáàtì 8 sílẹ̀. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ náà ń tú bíi wáàtì 100 jáde lára, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ 100 ń tú kìlówáàtì 10: àwọn ọmọ ń mú yàrá gbóná ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù 1.5 HP ń kó nǹkan bíi kìlówáàtì 3.5 jáde. Ó máa gbà ju márùn-ún lọ kí wọ́n tó ka ti oòrùn orí páànù mọ́ ọn.

Iná

Iná ilé ní Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi fólítì 230 sí 240. Ẹ̀yìn power pack àtijọ́ tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń ní suíìṣì pupa kékeré kan tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Bí ó bá wà lórí 115 tí wọ́n ki í bọ ògiri, á dún pàá, èéfín á jáde, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àwọn tuntun ń yan fólítì fúnra wọn. Bí fólítì bá wálẹ̀, irú power pack báyìí á fa iná tó pọ̀ sí i láti fi dí ohun tó dín kù, á sì gbóná sí i. Fólítì tó wálẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní iná tí kò lágbára ní àdúgbò tí transformer kan ń bọ́ ilé tó pọ̀ jù. Àmì 80 Plus, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ń jẹ́rìí sí power pack tí kì í fi ju ìdá kan nínú márùn-ún iná tó gbà ṣòfò bí ooru.

Àìbáramu

Ìjà ẹ̀yà ayé àtijọ́ ni ti IRQ, ìlà tí ẹ̀yà fi ń pe àkíyèsí CPU. Mẹ́rìndínlógún péré ló wà, láti 0 dé 15. COM1 àti COM3, ihò tí wọ́n fi ń so ẹ̀yà mọ́ kọ̀ǹpútà, jọ ń lo 4. Ẹni tí mouse rẹ̀ wà lórí COM1 tí modem rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gba wáyà tẹlifóònù wọ ìntánẹ́ẹ̀tì, sì wà lórí COM3 á rí i pé mouse ń dì bí modem bá ti ń pè. Windows 95 ló mú Plug and Play wọlé kí ẹ̀rọ lè máa pín ìlà fúnra rẹ̀, PCI, irú ihò káàdì kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, sì jẹ́ kí ẹ̀yà méjì lè jọ lo ìlà kan láìjà.

Ti òní wà nínú ihò àti fólítì. RAM DDR3 ní ẹsẹ̀ 240, fólítì 1.5 ló ń lò. DDR4 ní 288, fólítì 1.2, DDR5 náà ní 288, ṣùgbọ́n fólítì 1.1 ni, wọ́n sì sún àlàfo àárín rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fi tipátipá tì í bọlẹ̀. Bí RAM méjì bá jẹ́ irú kan náà tí ìyára wọn yàtọ̀, bí èyí tó lọ́ra bá ṣe ń rìn ni àwọn méjèèjì á ṣe máa rìn, tàbí kí wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó fi 8GB sí kọ̀ǹpútà tí Windows rẹ̀ jẹ́ ti 32-bit kò ní í rí ju 4GB lò.

Èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA 1151. CPU Intel ìran 6 àti 7 ń jókòó sínú rẹ̀, ti ìran 8 àti 9 náà ń jókòó sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́dábọ́ọ̀dù ìran kan kì í tan CPU ìran kejì. Ó wọlé, ó bá a mu, kò sì tàn. Ihò M.2, níbi tí disk pẹlẹbẹ ń jókòó sí, náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: àwọn kan ń gba disk irú SATA nìkan, àwọn kan irú NVMe nìkan, lórí mọ́dábọ́ọ̀dù mìíràn sì ni bí a bá ti fi nǹkan sínú M.2, ihò SATA kan tàbí méjì á kú.

Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀

Àkókò ni ẹlẹ́rìí tó dára jù. Ìgbóná kì í mú kọ̀ǹpútà ní òwúrọ̀ kùtù. Ó ń dúró di ìgbà tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó ń le lọ́sàn-án, ó sì ń lọ bí wọ́n bá fún un ní ìsinmi. Àìbáramu kò mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán; ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fi nǹkan tuntun sí i, ó sì lè fi ìró kéékèèké kọ̀ kí ojú tó tàn. Nínú BIOS, ètò tó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà bá tàn, ìwọ̀n ooru CPU wà níbẹ̀ láìní í ra ohunkóhun. Ètò HWMonitor ń fi í hàn lórí Windows, lm-sensors lórí Linux. Fún RAM, MemTest86 ni wọ́n ń lò. Bí ìwọ̀n bá dára tí àìsàn kò sì lọ, wọ́n á yọ gbogbo ẹ̀yà tí kì í ṣe dandan, wọ́n á máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó dá RAM lẹ́bi, rọ́bà ìparẹ́ pẹ́ńsùlù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ góòlù máa ń yanjú ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rí ti ń dàrú ni kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kékeré tí wọ́n fi graphics card sí kí ọmọ ilé lè fi ṣe géèmù. Ihò PCIe, níbi tí káàdì náà ń jókòó sí, kì í fún un ní ju wáàtì 75 lọ. Káàdì tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba wáyà láti ara power pack, ẹsẹ̀ 6 fún wáàtì 75 sí i, ẹsẹ̀ 8 fún 150. Power pack àwọn àpótí kékeré bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní wáyà yìí, ẹnu rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ Dell OptiPlex àti HP ọ́fíìsì kì í sì í ṣe ti ATX, irú tó wọ́pọ̀ lọ́jà, tí wọn ì bá fi pààrọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á tàn, á ṣe dáadáa fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà á kú bí ẹni pé ooru ni, ooru sì wà níbẹ̀ lóòótọ́: inú power pack tí wọ́n ń béèrè ohun tí kò ní lọ́wọ́ rẹ̀ ni.