Dída pátíṣọ̀n háàdì dísíkì pọ̀ nígbà tí fáìlì sístẹ́ẹ̀mù wọn ò bára mu

Pátíṣọ̀n ni apá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pín háàdì dísíkì sí. Dída pátíṣọ̀n pọ̀ ni kéèyàn sọ pátíṣọ̀n méjì tó wà lórí háàdì dísíkì kan di ẹyọ kan, kí C: àti D: di C: nìkan. Ní Ilé-Ifẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Lagere àti láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, torí láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lọ̀pọ̀ ń rà, ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun ti pín dísíkì ẹ̀ bó ṣe wù ú, nígbà tó bá yá C: á kún débi pé ìlà búlúù abẹ́ orúkọ ẹ̀ á di pupa, bẹ́ẹ̀ D: wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yéni ni pé Windows fúnra ẹ̀ kì í da nǹkankan pọ̀. Delete Volume àti Extend Volume ló wà nínú Disk Management, ibi tí Windows ti ń bójú tó dísíkì, ìyẹn ni pé wọ́n á pa pátíṣọ̀n kan rẹ́, èkejì á wá na ara ẹ̀ wọ ààyè tó ṣẹ́ kù. Ohun tó wà nínú èyí tí wọ́n pa rẹ́ ti lọ nìyẹn, àfi tí wọ́n bá ti kó o síbòmíì tẹ́lẹ̀. Àwọn sọ́fíwíà kan wà tó ní bọ́tìnì Merge lóòótọ́, àmọ́ nǹkan kan náà làwọn náà ń ṣe lábẹ́lẹ̀, wọ́n á kó fáìlì D: sínú fóldà kan ní C:, wọ́n á pa D: rẹ́, wọ́n á wá fa C: gùn.

Fáìlì sístẹ́ẹ̀mù ni ìwé tí dísíkì fi ń mọ ibi tó gbé fáìlì kọ̀ọ̀kan sí, ìdí nìyẹn tí pátíṣọ̀n méjì tí ìwé wọn yàtọ̀ síra ò fi lè kàn wọnú ara wọn. Irú fáìlì sístẹ́ẹ̀mù ni NTFS àti FAT32. NTFS bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Windows NT 3.1 ní 1993, FAT32 dé pẹ̀lú Windows 95 OSR2 ní 1996. FAT32 ò lè gba fáìlì ẹyọ kan tó bá tó 4 GB, kò sì mọ ẹni tó ni fáìlì tàbí ẹni tó láṣẹ láti ṣí i, torí náà tí ẹ bá kó ẹrù NTFS gba inú fíláàṣì FAT32 kọjá, fídíò ńlá ò ní wọlé, àṣẹ tó wà lórí àwọn fáìlì á sì já dà nù. Tó bá jẹ́ pé D: ni FAT32, àṣẹ tí ẹ bá tẹ̀ sínú Command Prompt, convert D: /fs:ntfs, á sọ ọ́ di NTFS láì pa fáìlì rẹ́, ṣùgbọ́n Windows ò ní àṣẹ tó máa dá a padà.

NTFS pàápàá ní vẹ́ṣọ̀n. Windows 2000 gbé 3.0 dé, Windows XP gbé 3.1 dé ní 2001, 3.1 yẹn náà ló ṣì wà lórí Windows 11. Nígbà yẹn, tí Windows 2000 bá rí pátíṣọ̀n NT 4.0, á gbé e lọ sí 3.0 láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, NT 4.0 tí ò bá sì ní Service Pack 4, àkójọ àtúnṣe kan fún un, ò ní lè kà á mọ́.

Lóde òní, inú LFS ni wàhálà wà. Òun ni àkọsílẹ̀ tí NTFS ń kọ ìyípadà sí kó tó ṣe é, kó lè rántí ibi tó dé bí iná bá lọ lójijì. Vẹ́ṣọ̀n LFS 1.1 ni Windows 7 mọ̀, Windows 8 sókè ń lo 2.0, wọ́n sì máa ń dá a padà sí 1.1 tí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà tán pátápátá. Ẹ wo ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó yọ dísíkì inú láàpútọ́ọ̀pù Windows 10 oníbàárà, ó fi í sínú àpótí USB, ó so ó mọ́ desktop Windows 7 tó wà lórí tábìlì ẹ̀. Fast Startup, ètò tó ń jẹ́ kí Windows tètè tan nítorí pé kì í pa tán pátápátá, wà lórí láàpútọ́ọ̀pù yẹn, 2.0 ṣì ló wà lórí dísíkì, Windows 7 á ní dísíkì níṣòro, á fẹ́ sáré chkdsk, irinṣẹ́ tó ń yẹ dísíkì wò, lé e lórí. Dísíkì ò bàjẹ́ o, vẹ́ṣọ̀n ni ò bára mu, ẹni tí ò bá mọ̀ á sọ fún oníbàárà pé kó lọ ra òmíì. Ẹ fi powercfg /h off pa Fast Startup, ẹ pa ẹ̀rọ náà tán, kẹ́ ẹ tó yọ ohunkóhun. Àṣẹ fsutil fsinfo ntfsinfo C: á fi nọ́ńbà méjèèjì hàn yín, ti NTFS àti ti LFS.

Irú ẹ̀ wà lórí Linux. Ext4 ni fáìlì sístẹ́ẹ̀mù tó wà níbẹ̀, e2fsprogs sì ni àkójọ irinṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Láti ìgbà tí e2fsprogs 1.47.0 ti jáde ní 2023, pátíṣọ̀n ext4 tó bá fọ́máàtì máa ń ní àwọn nǹkan tuntun lára tí irinṣẹ́ àtijọ́ ò mọ̀, e2fsck àtijọ́, irinṣẹ́ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, á kọ̀ ọ́, á kọ unsupported feature(s) FEATURE_C12 síta. Irinṣẹ́ tuntun ni kẹ́ ẹ wá, ẹ má fọ́máàtì. Ext4 àti NTFS ò tiẹ̀ ṣeé fà wọnú ara wọn rárá, èèyàn á kó ẹrù ọ̀kan jáde ni.

Ibi tí ààyè wà náà ṣe pàtàkì. Bí ẹni tó fẹ́ fẹ ilẹ̀ ẹ̀ ló rí, ilẹ̀ tó bá kan tiẹ̀ nìkan ló lè mú mọ́ ọn. Extend Volume fẹ́ kí ààyè òfìfo wà lọ́wọ́ ọ̀tún C: gẹ́lẹ́, tí pátíṣọ̀n Recovery, ibi tí irinṣẹ́ ìtúnṣe Windows wà, bá dúró sáàárín, bọ́tìnì yẹn ò ní ṣeé tẹ̀. GParted, sọ́fíwíà tó ń pín dísíkì, lè sún Recovery lọ sí ìparí. Àwọn míì á lo àṣẹ reagentc /disable kí irinṣẹ́ ìtúnṣe Windows padà sínú C:, wọ́n á wá fi àṣẹ diskpart pa pátíṣọ̀n náà rẹ́, lẹ́yìn náà reagentc /enable. Tí BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísíkì pa, bá wà lórí ìkankan nínú wọn, ẹ tú u kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Sísún pátíṣọ̀n ńlá lórí háàdì dísíkì tó ń yí lè gba wákàtí mélòó kan, ó sì léwu kí iná lọ láàárín ẹ̀, torí ìdajì dátà á ti wà níbi tuntun, ìdajì á ṣì wà níbi àtijọ́. Bátìrì láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń gbé ogún mínítì ò lè gba èèyàn, desktop tí ò ní UPS burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ project ọdún ìkẹyìn ẹlòmíì ló wà lórí D: yẹn, kò sì ní ẹ̀dà ẹ̀ níbòmíì. Nítorí náà ẹ kọ́pì gbogbo ẹ̀ sórí dísíkì míì, ẹ ṣí fáìlì bíi mẹ́ta nínú ẹ̀ wò bóyá ó ń ṣí, kẹ́ ẹ tó tẹ Delete Volume. Tí C: bá ti gùn tán, chkdsk C: láì fi /f sí i á yẹ̀ ẹ́ wò láì yí nǹkankan padà, ẹ̀yìn ìyẹn lẹ lè wá kó àwọn fáìlì padà sórí ẹ̀.