Wọ́n Ní TB Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀, Ara Sì Le Koko: Kí Ni Àyẹ̀wò Náà Ń Sọ Gan-an?

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé London. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò níbi iṣẹ́, wọ́n ní ó ní TB. Kò wúkọ́, kò rù. Ṣé àìsàn ń ṣe é ni?

Ìdáhùn: Àyẹ̀wò yẹn kò lè sọ bẹ́ẹ̀. IGRA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan, ni wọ́n sábà máa ń ṣe fún irú wọn, kì í sì í wá kòkòrò TB rárá. Wọ́n á po ẹ̀jẹ̀ mọ́ èròjà méjì tó wá láti ara kòkòrò náà, ESAT-6 àti CFP-10, wọ́n á wá wò ó bóyá àwọn ọmọ ogun ara yóò tú interferon-gamma jáde, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi ń ta ara jí láti bá kòkòrò jà. Bí wọ́n bá tú u, wọ́n ti bá kòkòrò yẹn pàdé rí nìyẹn. Ó lè jẹ́ lọ́dún tó kọjá, ó lè jẹ́ láti kékeré. Ẹ má dá BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára TB, lẹ́bi: èròjà méjèèjì kò sí nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Kòkòrò TB á wà lára èèyàn, kò sì ní ṣàìsàn?

Ìdáhùn: Ó wọ́pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo èèyàn ayé ló ti kó o. Nínú 100 wọn, bíi 5 sí 10 ló máa ṣàìsàn. Ẹni tí kòkòrò náà kàn ń sùn lára rẹ̀ kì í kó o ran ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Ẹ̀jẹ̀ kò wá lè fi ìyàtọ̀ hàn ni?

Ìdáhùn: Ó ń gbìyànjú. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn London àti Cape Town wò rí i pé nígbà tí TB bá ń jà lára, àwọn jíìnì (àṣẹ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara) tí interferon ń ta jí máa ń ṣiṣẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ jíìnì ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Nígbà tó fi máa di 2016, àwọn mìíràn ti dín in kù sí mẹ́ta: GBP5 àti DUSP3 á lọ sókè, KLF2 á wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìka lásán ti tó fún ẹ̀rọ láti kà á.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé interferon kì í ṣe ti TB nìkan. Àìsàn fáírọ́ọ̀sì bí i flu náà máa ń ta jíìnì wọ̀nyí jí. Nítorí náà, wọ́n lè fi ya àwọn tó yẹ kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò sọ́tọ̀, wọn ò lè fi í dájọ́. Ti àyẹ̀wò tó ń wá antibody TB (èròjà tí ara ń ṣe láti gbógun ti kòkòrò náà) nínú ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ má tilẹ̀ dá sí, nítorí láti 2011 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n má lò ó.

Ìbéèrè: Kí ni kó ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Kó lọ ya fọ́tò àyà. Bí nǹkan bá hàn níbẹ̀, tàbí bó bá ń wúkọ́, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Kó má kánjú mu isoniazid, ọ̀kan nínú àwọn oògùn TB, kí èyí tó parí. Òun nìkan tó fún kòkòrò tó ń sùn. Oògùn mẹ́rin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣàìsàn. Bó bá ń ṣàìsàn tó wá ń lo ẹyọ kan ṣoṣo, kòkòrò tó ṣẹ́kù lè di èyí tí oògùn yẹn kò ràn mọ́.