Ṣé lóòótọ́ ni pé imú èèyàn kò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ajá?

Bí ọ̀rọ̀ imú bá délẹ̀, ajá ni wọ́n máa ń fi jọba, wọ́n á ní tèèyàn ò ju ibi tá a fi ń mí lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Paul Broca, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó fẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1879. Ó rí i pé apá tó ń bójú tó òórùn kéré lára ọpọlọ wa, ló bá kó wa mọ́ àwọn ẹranko tí òórùn ò jẹ́ nǹkan kan fún. Kò dán imú ẹnikẹ́ni wò o. Bẹ́ẹ̀, apá yẹn tóbi ju ti eku lọ. Ìyókù ọpọlọ wa ló kàn pọ̀.

Linda Buck àti Richard Axel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wá ṣàwárí àwọn jíìnì òórùn (jíìnì ni ìtọ́ni tá a jogún, tó ń sọ bí ara ṣe máa rí) ní 1991, iṣẹ́ tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004. Jíìnì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe irú agbóòórùn kan sókè ihò imú. Tèèyàn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ò ju nǹkan bí 400 lọ, ajá ní nǹkan bí 800. Àwọn kan ní ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Ibo ló ti parí? Màlúù ní nǹkan bí 1,200, erin ilẹ̀ Áfíríkà ní nǹkan bí 2,000. Bó bá jẹ́ iye jíìnì ló ń sọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá, màlúù làwọn aṣọ́bodè ì bá máa fà kiri pápákọ̀ òfurufú láti fi wá oògùn olóró. Òórùn kan ṣoṣo lè jí oríṣiríṣi agbóòórùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọpọlọ ló ń to ìròyìn wọn pọ̀. Ọpọlọ tá a ní kì í sì í ṣe kékeré.

Ẹ wo gáàsì ìdáná. Fúnra rẹ̀, kò lóòórùn. Ṣe ni wọ́n po ohun tó ń rùn mọ́ ọn ká lè tètè mọ̀ bó bá ń jò. Nǹkan bí ẹyọ kan ohun tó ń rùn yẹn nínú bílíọ̀nù ẹyọ afẹ́fẹ́ ti tó kí imú wa mọ̀ ọ́n.

Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2007, àwọn onímọ̀ Yunifásítì California ní Berkeley fi òórùn ṣokoléètì fa ìlà sórí koríko. Wọ́n di èèyàn 32 lójú, wọ́n dí wọn létí, wọ́n ní kí wọ́n máa rá, kí wọ́n fi imú tọ̀ ọ́. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ṣe é. Àwọn tó fi ọjọ́ bíi mélòó kan kọ́ ọ tún yára sí i.

Ajá ṣì jù wá lọ nínú títọpasẹ̀, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni imú tiẹ̀ máa ń wà, níbi tí òórùn wà, èémí tó ń mí síta sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ihò imú jáde, kì í tú òórùn tó wà níwájú rẹ̀ ká.