Bí àbùkù ọkọ̀ tòkunbọ̀ ṣe ń fara pamọ́, àti bí a ṣe ń wá a rí

Kí a tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀, ṣásí nọ́ńbà rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ kà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú níhà dírẹ́bà, ó sì tún wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, kí wọ́n sì bá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀. Èyí tí a bá ti rí ọ̀kan nínú wọn, ayédèrú ni. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: 9 ni 2009, A ni 2010, C ni 2012, J ni 2018.

Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sí Google. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ló ti gba ọjà gbàǹjo bíi Copart kọjá, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ti ń ta ọkọ̀ tó ti fara gbá tàbí tí omi ti wọ̀. Àwòrán rẹ̀ àti iye máìlì tó ti rìn sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí mítà inú ọkọ̀ bá kéré sí iye yẹn, wọ́n ti dá a padà sẹ́yìn. Ẹ fowó ara yín gba ìròyìn Carfax, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń kó ìtàn ọkọ̀ jọ. Èyí tí dílà bá tẹ̀ fún yín kò tó, torí kò ṣòro láti tún un kọ.

Ọkọ̀ tí omi wọ̀ ló léwu jù, nítorí ó lè rìn dáadáa lọ́jọ́ tí a rà á. Omi ti dé ìdí wáyà àti àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké abẹ́ àga, wọ́n á sì máa dógùn-ún díẹ̀díẹ̀ títí gíà ò fi ní wọlé mọ́, tàbí kí airbag kọ̀ láti tú lọ́jọ́ ìjàǹbá. Wọ́n á ti fọ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ti fín lọ́fínńdà. Ibi tí wọn kì í sábà rántí ni bẹ́líìtì: ẹ fà á jáde títí yóò fi tán, kí ẹ wò ó bóyá ìlà ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ wo àwọn nọ́ọ̀tì tó de àga mọ́lẹ̀, kí ẹ sì gbé sípíà táyà kúrò nínú búùtù láti wo abẹ́ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan ọkọ̀ dè yín. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹ padà wá láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, torí ẹ́ńjìnnì tútù ló ń sọ òótọ́. Èéfín búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó ti gbóná, omi ló ń wọ inú rẹ̀. Bí abẹ́ ìdérí ọ́ìlì bá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ó ṣeé ṣe kí gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà ti jó.

Iná dáṣíbọọ̀dù náà ń tanni jẹ. Tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON kí a tó tan ẹ́ńjìnnì, iná check engine àti ti airbag gbọ́dọ̀ tàn. Ti airbag á kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Èyí tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kí wọ́n ti gé wáyà rẹ̀. Kí rẹ́wáyà tiyín, kì í ṣe ti dílà, fi ẹ̀rọ skáànù yẹ̀ ẹ́ wò. Kóòdù àṣìṣe tí ẹ̀rọ náà ń kà jáde nìkan kò tó: bí gbogbo readiness, ìyẹn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ máa ń ṣe fún ara rẹ̀, bá ń sọ "not ready", wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ ni, tàbí wọ́n tú bátìrì.

Ó ku ìwé. Láti Oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà ìwé ọkọ̀ tó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé lẹ́yìn ìgbà náà ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Kí ejẹ́ńtì tiyín, ẹni tó ń bá ni ṣe ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, yẹ ìwé náà wò lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí bí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró lójú títì, ọwọ́ ẹni tó rà á ni wọ́n ti máa gbà á.