Ẹ Wọn Páńẹ́ẹ̀lì Kí Ẹ Tó Bínú sí Ṣáínà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lórí òrùlé bàbá kan ní Ìjàpọ̀, níbí ní Àkúrẹ́. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Mò ń wo ibi tí páńẹ́ẹ̀lì sólà yóò jókòó sí nígbà tí ọmọ wọn pè láti Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá ní kí n gbọ́ tẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ọjà Ṣáínà fún bàbá mi o. Ti òyìnbó gan-an ni kẹ́ ẹ bá wọn rà."

Mo ní, "Kò burú, àbúrò. Èwo nínú ti òyìnbó?"

Kò rí orúkọ kan dá. Bàbá bú sẹ́rìn-ín nísàlẹ̀.

Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ń gbọ́ níbi tó ń gbé ló ń sọ fún mi. Àmọ́ ẹjọ́ méjì ni àwọn òyìnbó ń pe Ṣáínà, àwọn méjèèjì ò sì bára mu. Wọ́n ní ayédèrú ni gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n tún ní ọjà wọn dára, owó rẹ̀ sì kéré débi pé iléeṣẹ́ àwọn ń kógbá sílé. Amẹ́ríkà bu owó ibodè lé páńẹ́ẹ̀lì Ṣáínà lọ́dún 2012, Yúróòpù tẹ̀lé e lọ́dún 2013. Ta ní ń fi owó ibodè dènà ọjà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ rà? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú èyí rí. Lọ́dún 1887 ni wọ́n ṣòfin pé kí ọjà òkèèrè máa fi orúkọ ìlú tó ti wá hàn, kí aráàlú lè mọ ti Jámánì tí wọ́n kà sí gbàrọgùdù. Ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ mẹ́káníìkì lónìí bóyá Jámánì ṣì jẹ́ gbàrọgùdù.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú sólà tí à ń lò yìí, ní Bell Labs, ilé ìwádìí iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan, lọ́dún 1954. Nígbà tó yá, Shi Zhengrong, ọmọ Ṣáínà kan, lọ kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dọ̀ Martin Green, ọ̀jọ̀gbọ́n sólà, ó padà sílé, ó dá iléeṣẹ́ Suntech sílẹ̀ nílùú Wuxi lọ́dún 2001. Ọjà ti wà nílẹ̀ dè é: Jámánì ti ṣòfin lọ́dún 2000 pé ẹni tó bá ti iná sólà sórí wáyà ìlú, iye kan tí kì í yẹ̀ ni yóò máa gbà fún ogún ọdún. Àwọn iléeṣẹ́ Ṣáínà rọ́ wọ inú ọjà náà, wọ́n ń dín owó ọjà kù láti fi borí ara wọn, títí Suntech fúnra rẹ̀ fi wọ gbèsè tó gbé e ṣubú lọ́dún 2013. Àjọ IEA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára iná lágbàáyé, ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2022 pé ìpín Ṣáínà ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní gbogbo ìpele tí wọ́n fi ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, bí ẹ tiẹ̀ rí orúkọ òyìnbó lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí inú rẹ̀ jẹ́ Ṣáínà.

Orúkọ òyìnbó ló sì mú èmi náà rí. Bátìrì mẹ́rin ni mo rà, orúkọ Yúróòpù gàdàgbà lára wọn, wọn ò pé ọdún kan tí wọ́n fi dákú. Oníbàárà mi ò bá Ṣáínà jà, èmi ló bá jà. Látọjọ́ náà ni mo ti ń gbé téèpù tí a fi ń wọn nǹkan kiri.

Ohun tí mo fi téèpù ṣe nìyí. Oòrùn tí wọ́n fi ń dán páńẹ́ẹ̀lì wò máa ń gbé 1,000 wáàtì lé ibi tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan. Páńẹ́ẹ̀lì tó dára lóde òní ń mú nǹkan bí 200 sí 230 níbẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì sábà máa ń gùn tó mítà 2.28, ó sì ń fẹ̀ tó 1.13. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ síra wọn, ó lé díẹ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀ méjì àtààbọ̀. Bí ẹ bá pín 550 sí i, nǹkan bí 213 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣirò náà sì bára mu. Bí ẹnì kan bá wá gbé èyí tó gùn ní mítà 1.7, tó fẹ̀ ní mítà kan, fún yín, tó kọ 500 wáàtì sí i lẹ́yìn, ó ń sọ fún yín pé ó ń mú 294 jáde nínú 1,000. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà. Ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó dín kù ni olè jíjà o. Bí páńẹ́ẹ̀lì ṣe wà ní ìwọ̀n ooru 25 ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. Lórí páànù Àkúrẹ́ lọ́sàn-án, ó lè gbóná dé 65, nǹkan bí ìdá 12 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún á sì ti bá ooru lọ. Eruku ọyẹ́ a tún bù tiẹ̀.

Àwọn tó ń yin Ṣáínà náà ń dá mi lágara. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo máa ń lọ ní Arákalẹ̀, wọ́n á ní ká gba irú ìjọba wọn, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, iná á dúró. Lóòótọ́, sólà tí Ṣáínà gbé kalẹ̀ lọ́dún 2024 nìkan lé ní 270,000 mẹ́gáwáàtì, wáyà iná Nàìjíríà tiwa sì sábà máa ń gbé bí 4,000 sí 5,000. Bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ń ríran. Abẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yẹn náà ni ìyàn ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn láàárín ọdún 1959 sí 1961, kò sì sẹ́ni tó láyà láti pariwo. Èédú tí Ṣáínà ń jó títí di ìsinsìnyí ju ìdajì ti gbogbo ayé lọ. Ọ̀rọ̀ Xinjiang, agbègbè kan ní ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, náà wà níbẹ̀: Amẹ́ríkà ṣòfin lọ́dún 2021 láti dá ọjà agbègbè náà dúró, wọ́n ní wọ́n ń fipá kó àwọn Uyghur, ẹ̀yà kan tó ń gbé ibẹ̀, ṣiṣẹ́. Ìjọba Ṣáínà ní irọ́ ni. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n máa bá Ṣáínà fà, kì í ṣe bóyá wọ́n lè ṣe páńẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù náà tún pè lálẹ́, ó ti lọ kàwé sí i. Ó ní ṣé ínfátà náà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná sólà di irú èyí tí ilé ń lò, kò ní máa fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Ṣáínà. Mo ní ìbéèrè gidi nìyẹn. Wi-Fi kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ìdí ínfátà púpọ̀, òun ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí iná yín lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà á sì kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ṣe é kọjá. Ẹ lè yọ ọ́, iná á ṣì máa tàn.

Mo bi bàbá léèrè. Wọ́n ní kí n yọ ọ́, kí n kó o sínú dúrọ́ọ̀ kan. Àwọn kò tíì mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kó máa wo fìríìjì àwọn láti òkèèrè, ìbáà ṣe Ṣáínà, ìbáà ṣe Lọ́ńdọ̀nù.