Ejò tó ń ká bíi bọ́ọ̀lù: kí ni ball python, kí sì ni morph tí wọ́n ń pè lára ẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá làwọn bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé wa ní Mọ́níyà ṣí páànù kan nílẹ̀, wọ́n bá ejò lábẹ́ ẹ̀, ó ká jọ bí òṣùká, ẹ ò lè rí orí ẹ̀ rárá. Kí n tó débẹ̀ ẹnì kan ti pariwo "oká ni o!", ẹlòmíì ti fi ṣọ́bìrì bẹ́ ẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa, kì í ṣe oká, erè ni, erè kékeré tí àwọn òyìnbó ń pè ní ball python tàbí royal python, kò sì ní oró kankan lẹ́nu. Ó dùn mí gan-an, ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn.

Erè ju oríṣi kan lọ. Èyí tó ń gbé ewúrẹ́ mì, tó lè gùn tó mọ́tò, ọ̀tọ̀ nìyẹn, òjòlá làwọn míì ń pè é. Èyí tí mò ń sọ, ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 4 ló sábà máa ń gùn mọ, abo sì máa ń tóbi ju akọ lọ. Python regius lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé, George Shaw ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1802, regius túmọ̀ sí "ti ọba" lédè Látìn. Láti Senegal títí dé Uganda ló ń gbé, Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà wà nínú ẹ̀, ìyẹn ni pé ejò tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi owó gidi rà láti sìn sínú ilé, ọmọ ilẹ̀ ibí ni.

Ó sanra, ó kúrú, ọrùn ẹ̀ wá tín-ín-rín. Ara ẹ̀ dúdú, àwọn àmì róbótó tí àwọ̀ wọn dà bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú ẹ̀ wá tò sí i lára, ikùn ẹ̀ funfun. Tẹ́ ẹ bá wo ètè ẹ̀ lókè, ẹ máa rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀lé ra wọn, ibẹ̀ ló fi ń mọ ooru ara eku nínú òkùnkùn biribiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí ẹ̀ náà, èékánná kékeré méjì wà níbẹ̀, ìyókù ẹsẹ̀ tí àwọn baba ńlá ẹ̀ ní láyé àtijọ́ ni.

Ohun kan tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp tó ń bí mi nínú ni pé ejò tí dúdú ojú ẹ̀ bá rí tóóró bíi ti ológbò ló ní oró, èyí tó bá rí róbótó kò ní. Irọ́ ni o. Ojú erè yìí rí bíi ti ológbò, kò ní oró, sèbé ojú tiẹ̀ rí róbótó, ó sì lè pa èèyàn. Wọ́n máa ń pe erè yìí ní oká tàbí paramọ́lẹ̀ torí pé àwọn náà kúrú, wọ́n sanra, ara wọn ní bátànì. Àmọ́ orí oká fẹ̀ bí ewé, paramọ́lẹ̀ á wú, á máa fín, á múra ìjà. Ní ti erè yìí, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ máa ń bà á, á ki orí bọ àárín, á ká ara ẹ̀ yí i po, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ bọ́ọ̀lù. Tí kò bá ṣáà ti dá yín lójú, ẹ jìnnà sí i, tí ejò tẹ́ ẹ ò mọ̀ bá sì bu ẹnikẹ́ni jẹ, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá, ẹ má fi abẹ gbẹ́ ẹ.

Alẹ́ ló ń jáde. Lọ́sàn-án, inú ihò òkété tàbí òkìtì ikán ló ń wà, òun nìkan, àwọn àgbà kúkú ti sọ pé àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ wọ́n níyà. Eku ló ń jẹ jù, ó máa ń jẹ ẹyẹ náà, fífún ló sì ń fún wọn pa. Ọ̀pọ̀ wa rò pé èémí ló ń dí, àmọ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2015 lórí boa, ejò míì tóun náà ń fún ẹran pa, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ni kì í lè rìn mọ́. Abo máa ń yé ẹyin bíi 3 sí 11, á wá ká yí i po fún nǹkan bí oṣù méjì títí wọ́n á fi pa. Ní 2020, ní zoo Saint Louis ní Amẹ́ríkà, abo kan tí wọ́n gbà pé ó ti lé ní ọdún 60 yé ẹyin 7, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọdún 15 tó ti sún mọ́ akọ kẹ́yìn!

Ó wá ku morph. Tẹ́ ẹ bá rí fídíò ball python tó funfun tàbí tó pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n, kì í ṣe ejò míì, ejò kan náà ni, àwọ̀ tó bá a wáyé ló yàtọ̀, irú àwọ̀ tó yàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní morph. Ẹ rántí àfín, tí wọ́n bá bí àfín sílé yín, èèyàn bíi tiyín náà ni. Bí wọ́n ṣe ń jogún ẹ̀, ẹ lè fi AS àti SS yé ara yín. Bàbá àti ìyá tí wọ́n jẹ́ AS lè máà ní ìṣòro kankan, kí wọ́n sì bí SS. Báyìí náà ni erè méjì tí wọ́n dúdú bó ṣe yẹ, tí àwọn méjèèjì gbé nǹkan àfín yẹn sára, lè bí àfín, nǹkan bí ọ̀kan nínú ẹyin mẹ́rin. Ọdún 1992 ni wọ́n fi ọ̀sìn fìdí ti àfín múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti piebald tẹ̀lé e ní 1997, ìyẹn èyí tó rí bíi pé wọ́n da ẹfun sí i lára, apá kan funfun báláú, apá kejì ní bátànì. Morph míì tí wọ́n ń pè ní spider ní tiẹ̀ kì í dúró de òbí méjèèjì, òbí kan péré ti tó láti gbé e fún ọmọ, àmọ́ orí ẹ̀ máa ń yí, ó máa ń gbọ̀n, nígbà míì kò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n máa bí ìyẹn torí pé àwọ̀ ẹ̀ dára lójú, ẹ̀dá tó ń jìyà ni.

Nígbà tí wọ́n gbé páànù yẹn kúrò tán, ihò òkété méjì ló wà lábẹ́ ẹ̀, ọ̀kan ṣì ní ẹ̀pà tútù lẹ́nu.